Mo Pe "Ọbẹ̀" Nígbà Tí Iná Ń Bọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá ka ìtàn yìí tán tí ẹ fẹ́ bú mi, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Àwọn ará ìlú mi ti bú mi dé ibi tí èébú ń tán sí. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ wo ọ̀rẹ́ tó lè kọ ẹ̀yìn sí yín láìbẹ̀rù, kí ẹ sì bi ara yín léèrè ohun tó wà lọ́kàn yín sí i.

Otmar Hrubeš ni orúkọ mi, Ota ni àwọn tó sún mọ́ mi ń pè mí. Họ́kì orí yìnyín ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ọwọ́ ẹ̀yìn ni mo sì ń gbá. Àwọn ọwọ́ iwájú ló ń jẹ góòlù, àwọn ni ọmọge ń bá ya fọ́tò. Ní ti àwa ọwọ́ ẹ̀yìn, eyín là ń fi síbẹ̀. Èyí tí mo fi ń jẹran báyìí, dókítà ló ṣe é.

Méjì méjì ni wọ́n ń to ọwọ́ ẹ̀yìn. Ẹnì kejì mi ni Vratislav Kolouch, tí gbogbo ayé ń pè ní Vráťa. A jọ kọ́ eré yìí lórí adágún tó wà lẹ́yìn ilé ìyá ìyá rẹ̀ ni. A jọ wọ ẹgbẹ́ ìlú wa ní Moravia, a sì jọ dàgbà níbẹ̀. Òun ló dúró tì mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, èmi ni mo gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìrìbọmi.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín, ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí àwọn tí à ń bá figa gbága bá gbá rọ́bà, ìyẹn ohun dúdú pẹlẹbẹ tí à ń lé kiri, wọ ìkángun pápá wa, ọ̀kan nínú àwa méjì ló máa sáré lọ gbé e. Ojú rẹ̀ á kọ sí pákó tó yí pápá ká, ẹ̀yìn rẹ̀ á kọ sí gbogbo ayé. Kò lè rí ẹni tó ń bọ̀ wá kọlù ú. Etí ló fi ń ríran nígbà yẹn, ẹnì kejì rẹ̀ ló sì máa pariwo fún un bóyá àyè wà, tàbí bóyá ẹnìkan ti dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Àyè wà!" àti "Ẹ̀yìn rẹ!" ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá náà gbọ́ èdè. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń já bọ̀ láti lù ọ́ ni wọ́n á máa fi ẹnu ara wọn kígbe pé "Àyè wà!", kí o lè fara balẹ̀ fún wọn. Wọ́n ṣe é fún Vráťa lẹ́ẹ̀kan nígbà tí a ṣì kéré, imú rẹ̀ sì wọ́ láti ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ náà náà ni a ti ní èdè tiwa.

"Ọbẹ̀!" túmọ̀ sí pé àyè wà. Ìyá àgbà Růžena, ìyá ìyá Vráťa, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú nídìí ọbẹ̀ aáyù rẹ̀. Bí a bá ti orí adágún dé tí a ń gbé e mì gbàgàgbàgà, á fi ṣíbí onígi gbá wa lórí, á ní, "Ta ló ń lé yín? Nídìí ọbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lé èèyàn." "Iná!" sì túmọ̀ sí pé ọ̀tá ti dé. A kò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún kóòṣì, a kò sọ ọ́ fún ìyàwó. Ariwo pápá kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ, ẹni tó bá sì ṣèèṣì gbọ́ ọ máa ń rò pé ebi ló ń pa wá.

Gbogbo ọdún tí a fi gbá bọ̀ yẹn, Vráťa kò wẹ̀yìn rí nígbà tí mo bá ti pè. Èmi náà kò wẹ̀yìn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìfigagbága ìparí sáà bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Matoušek, ọ̀gá ẹgbẹ́ wa, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ń fi ṣíbí ro kọfí rẹ̀ bí ẹni pé ohun kan sọ nù sínú rẹ̀.

Ó ní, "Ota, ó yẹ kí n má fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún ẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ni ẹgbẹ́ fẹ́ gbé wọlé lọ́dún tó ń bọ̀. Ààyè àgbàlagbà kan ṣoṣo ló máa kù lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ìwọ tàbí Vráťa."

Mo ní, "Ọ̀gá, kí lẹ wá ń sọ fún mi sí?"

"Kí o lè mọ bí o ṣe máa gbá ni. Ojú mi á máa wò yín. Ẹni tó bá ṣe dáadáa nínú yín ló máa dúró. Má sọ fún un o, màá sọ fún un fúnra mi."

Nígbà tí mo jáde, Vráťa ń dúró dè mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń lọ́ tépù mọ́ orí igi tó fi ń gbá rọ́bà.

"Kí ni baba yẹn ń wá?"

"Ó ní kí n lọ gé irun mi."

"Òótọ́ ló sọ. O ti ń jọ ìyá ìyàwó mi."

A jọ rẹ́rìn-ín. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì rọrùn lẹ́nu mi ju bí mo ṣe rò lọ.

Ẹ má bi mí pé kí ni mo ń bẹ̀rù. Mi ò kọ́ṣẹ́ míì. Bí mo bá wọ ilé búrẹ́dì, àwọn èèyàn á ní, "Hrubeš wa dé!" Mo máa ń ronú pé bó bá di ọdún tó ń bọ̀, ta ni màá jẹ́? Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí Květa láti àárọ̀, tí wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀? Ìbẹ̀rù yẹn wọ̀ mí lára bí òtútù, kò sì sí aṣọ tí mo lè fi bò ó.

Ohun tó tún wá dun mí ni pé Vráťa ń gbá dáadáa ju mí lọ. Ẹsẹ̀ tèmi ti ń wúwo. Bí mo bá pẹ́ kí n tó dé ibi kan, màá bá a níbẹ̀ tó ti tún un ṣe fún mi, kò sì ní sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni. Tẹ́lẹ̀, ọpẹ́ ni mo máa ń dá fún un. Ní ìgbà òtútù yẹn, inú ló máa ń bí mi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn nǹkan kéékèèké. Màá fi rọ́bà ránṣẹ́ sí i nígbà tó ti pẹ́ jù. Màá taari rẹ̀ sí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀, kó lè dà bíi pé òun ló ṣe àṣìṣe. Mo ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo òkè lọ́hùn-ún, níbi tí Matoušek ń jókòó sí nínú kóòtù rẹ̀ aláwọ̀ eérú, láti mọ̀ bóyá ó rí i.

Vráťa rí i, ṣùgbọ́n ó rò pé àárẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan nínú yàrá ìmúra, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ota, ṣé ara ẹ le? Ọbẹ̀ tí ò ń sè fún mi láti ọjọ́ mẹ́ta yìí, iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀."

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

"Máa sọ fún mi tó bá ń dùn ẹ́. Èmi á máa sáré apá tìẹ."

Ó sì ń sáré apá tèmi lóòótọ́. Ẹ wo ẹni tí mo fẹ́ ta.

Ìfigagbága tó le jù, ẹgbẹ́ ìlú tó múlé gbè wá la bá pàdé, nílé tiwa. Gbogbo ìlú wà níbẹ̀. Orin ń dún, òógùn àti òórùn sọ́sééjì yíyan gba afẹ́fẹ́. Àwọn tó wà lókè ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ débi pé eruku ń já bọ́ láti àjà.

Láìpẹ́ mo fẹsẹ̀ yọ̀ níbi tí kò yẹ kí n ti yọ̀, wọ́n sì jẹ góòlù lójú mi. Kóòṣì ní, "Ota, jókòó ná." Mo jókòó. Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni Vráťa gbá ọ̀kan wọlé láti ọ̀nà jíjìn. Ilé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ lórin. Mo gbójú sókè, mo rí Matoušek tó ń pàtẹ́wọ́.

Àwọn ọ̀tá ní ọmọkùnrin kan níwájú, Lumír Zedník, ọmọdé lásán ni, ṣùgbọ́n ó máa ń sáré bí ẹni tí wọ́n yìnbọn lé. Nígbà tí wọ́n dá mi padà sórí yìnyín, wọ́n gbá rọ́bà wọ ìkángun wa. Vráťa yípo, ó lọ gbé e. Ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí mi.

Mo rí Lumír. Ó ti yọ láàárín pápá, ó ń bọ̀ tààrà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, "Iná" ti wà ní orí ahọ́n mi. Mo fi Ọlọ́run búra, mo mọ adùn rẹ̀ lẹ́nu mi. Mo ti pè é débi pé kì í ṣe ọpọlọ ló ń pè é mọ́. Ṣùgbọ́n mo rí kóòtù eérú yẹn lókè tó ń nà síwájú láti wò dáadáa, ohun kan sì sọ fún mi pé: kó pàdánù rọ́bà yìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí baba yẹn rí i.

Mo kígbe pé, "Ọbẹ̀!"

Mo rí èjìká rẹ̀ tó rọ̀. Ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé. Gbogbo ara rẹ̀ ti le tẹ́lẹ̀, ó ti múra sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ ohùn mi ló tú ara sílẹ̀ bí ẹni tó jókòó sídìí tábìlì nílé ìyá àgbà. Ó tilẹ̀ gbórí sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti wo ibi tó máa fi rọ́bà ránṣẹ́ sí.

Lumír ti rò pé Vráťa á yà, tàbí pé á fún ara rẹ̀ mọ́ pákó bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Kò yà. Lumír gbìyànjú láti fi abẹ irin tó wà lábẹ́ bàtà rẹ̀ dúró, mo rí yìnyín tó fọ́n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Mo gbọ́ bí akoto ṣe kọlu pákó. 

Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo ń pe, "Vráťa! Vráťa!" Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ. Nínú yàrá ìmúra, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ju igi rẹ̀ mọ́ ògiri, ó ní, "Ọmọ àlè yẹn ló pariwo! Ó pe 'Àyè wà', mo lè fi ọrùn mi búra. Àbí kí ló lè mú kí Vráťa dúró gbagidi bí òpó iná?"

Dalibor, aṣọ́lé wa tó ń ṣọ́ ojú góòlù, ní, "Mo gbọ́ ohùn kan, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó sọ."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. "Ota, ìwọ lo wà nítòsí. Ṣé ó pariwo?"

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Aṣeni náà sì jókòó láàárín wọn, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀.

Mo ní, "Ó pariwo."

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìgbìmọ̀ ìbáwí líìgì pè mí, mo tún un sọ níwájú wọn, lẹ́sẹẹsẹ, títí kan bí ohùn Lumír ṣe rí. Wọ́n ní kó má fẹsẹ̀ kan yìnyín títí di ìgbà tí wọ́n bá tún sọ ọ́. Wọ́n kọ "Òpùrọ́" sára ògiri ilé àwọn òbí rẹ̀. Ní ilé oúnjẹ, ní bọ́ọ̀sì, gbogbo ibi tó bá dé ni wọ́n ti ń pariwo "Àyè wà! Àyè wà!" tẹ̀ lé e.

Mo lọ wo Vráťa nílé ìwòsàn. Wọ́n ti fi aṣọ bo fèrèsé nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń gún un lójú. Hedvika, ìyàwó rẹ̀, ń bọ́ ọ ní ṣíbíṣíbí. Egungun ọrùn èjìká rẹ̀ ti kán, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ló ń ba dókítà lẹ́rù.

Ó na ọwọ́ sí mi. "Ota, mi ò rántí nǹkan kan. Mo rántí pé mo wọ bàtà mi, ó tán. Ṣé o pè mí?"

"Mo pè ẹ́."

"Mo mọ̀. Ariwo ló pọ̀ jù, mi ò gbọ́ ẹ. Má dá ara ẹ lẹ́bi o. Hedvika sọ pé o ò jẹun."

Ẹni tí mo fọ́ lórí ló ń pẹ̀tù sí mi lọ́kàn. Mo rìn jáde, mo lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ sí, mo sunkún bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n mi ò padà wọlé lọ sọ òótọ́.

Dókítà sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ gbá họ́kì mọ́ láyé. Matoušek pè mí sí ọ́fíìsì, ó ti àdéhùn tuntun sí mi, ó ní, "Ó bani nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ló kù." Mo fọwọ́ sí i. 

Nígbà tí ìrì dídì ti yọ́ tán, ẹgbẹ́ ṣe ìdágbére fún Vráťa ní ilé ọtí Květa tó kọjú sí pápá. Ọ̀sán ni, oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé, bíà ń rin tábìlì. Vráťa wọ dígí dúdú, ó ń rìn bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún un ní igi tí gbogbo wa fọwọ́ kọ orúkọ sí. Ó jókòó sí iwájú mi gan-an. Mo ṣàkíyèsí pé kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti dé. Mo sọ fún ara mi pé orí ló ń fọ́ ọ.

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ṣí, Lumír wọlé. Òun nìkan ni. Ó gbé ìgò ọtí èso tí bàbá rẹ̀ ń pọn dání, ó wé e sínú ìwé ìròyìn.

Gbogbo orí yí sí i. Lẹ́yìn náà ẹnìkan ní, "Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́, ọmọ olórí burúkú?"

Ẹlòmíràn kígbe, "Àyè wà! Wọlé, àyè wà!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú.

Ojú Lumír pọ́n títí dé etí. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó tún gbìyànjú. A kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé akólòlò ni.

"Ọ̀g... Ọ̀gbẹ́ni Kolouch. Mo lù yín, mo lù yín t-tagbára tagbára. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo wá t-tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n mi ò p... mi ò p-p..."

Ó dijú. Ọ̀rọ̀ náà kọ̀.

Ẹnìkan ní, "Wò ó, lórí yìnyín ẹnu ẹ̀ yọ̀ dáadáa!"

Matoušek gbé gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀. "Ọmọ, lọ sílé. Otmar gbọ́ ẹ. Èèyàn tó ti ń gbá họ́kì kí wọ́n tó bí ẹ ni."

Lumír yíjú sí mi. "Ọ̀gbẹ́ni Hrubeš. Ẹ wo ojú mi, kí ẹ s-sọ pé ẹ gbọ́ ohùn mi."

Mo wo bíà mi. 

Vráťa ló sọ̀rọ̀. Ó bọ́ dígí rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú nítorí ìmọ́lẹ̀. "Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Mo ti rántí ohun tí mo gbọ́."

"Kí lo gbọ́, Vráťa?"

Ó ní, "Mo lọ kí ìyá àgbà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n bu oúnjẹ fún mi, mo ń kánjú, wọ́n ní, 'Ta ló ń lé ẹ?' Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti padà sí mi lórí. Kì í ṣe 'Àyè wà' ni mo gbọ́. 'Ọbẹ̀' ni mo gbọ́."

 Ilé náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ọbẹ̀! Háà, orí ẹ̀ ò tíì pé o!"

"Ebi ló ń pa á lọ́jọ́ yẹn! Kóòṣì, ẹ ò fún ọkùnrin yìí lóúnjẹ!"

"Květa! Gbé ọbẹ̀ wá fún Vráťa kó tó tún ṣubú!"

Květa fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nígbà tó gbé àwo ọbẹ̀ aáyù dé, tí èéfín ń yọ lórí rẹ̀. Vráťa rẹ́rìn-ín díẹ̀ pẹ̀lú wọn. Dalibor nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Vráťa, ó ń wo mi, ó fa ojú ro bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ohun kan.

Vráťa wá fi ìka méjì ti àwo náà kọjá lórí tábìlì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ó fi kan ọwọ́ mi.

"Ìwọ ni kó o jẹ ẹ́, Ota. Kò sẹ́ni tó ń lé ẹ."

Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ń wò mí lójú. Ní gbogbo ilé yẹn, àwa méjì la mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ó sì yé mi pé kò ní sọ ọ́. Ó fi í sílẹ̀ fún mi ni, bí ìgbà tí ẹni tó mọ olè bá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí kí olè fúnra rẹ̀ dá ẹrù padà. Bí mo bá mu ọbẹ̀ náà tí mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí. Àdéhùn mi wà nínú àpótí Matoušek.

Mo gbé ṣíbí. Mo bù ú. Mo gbé e dé ètè.

Lumír ti gbé ìgò rẹ̀ lé etí káńtà, ó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnìkan tún pariwo "Àyè wà!" tẹ̀ lé e. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ le. Mo rántí èjìká kejì, èyí tó rọ̀.

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Lumír, dúró."

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì. "Ẹ gbẹ́nu dákẹ́! Ọmọ yìí ò pariwo. Kò la ẹnu. Èmi ni mo pariwo."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ìtumọ̀ "ọbẹ̀" fún wọn àti ìtumọ̀ "iná". Mo sọ pé mo rí Lumír tó ń bọ̀, mo sì mọ èyí tó yẹ kí n pè. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí Matoušek bá mi sọ ní ọ́fíìsì. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ bó ṣe kéré tó: nítorí ààyè kan lórí yìnyín.

 Dalibor ní, "Ohùn ẹ ni. Mo mọ̀ pé ohùn ẹ ni mo gbọ́, mo ń sọ fún ara mi pé kò lè rí bẹ́ẹ̀."

Vráťa kò dìde. Ó ní, "Matoušek pe èmi náà, Ota. Ṣáájú ẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà ló bá mi sọ."

Mo wo Matoušek. Ó ń wo inú gíláàsì rẹ̀.

"Mo sọ fún un pé kó mú ẹ. Mo ní èmi á wá nǹkan míì ṣe, pé ìwọ ò ní ibòmíràn tí wàá lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sáré apá tìẹ, kí wọ́n má baà rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé, wọ́n ti fi igi fọ́ mi lẹ́nu rí, wọ́n ti fi bàtà abẹ ya itan mi. Kò sí èyí tó dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Vráťa wọ dígí rẹ̀ padà. Ó nawọ́ sí Lumír, ó ní, "Ọmọ, wá jókòó. Ṣí ìgò bàbá ẹ." Ó sì fi ọwọ́ júwe ilẹ̀kùn fún mi. Mo lọ.

Líìgì dá Lumír padà sórí yìnyín. Wọ́n lé èmi lọ, ó sì tọ́ sí mi. Mo pe ẹgbẹ́ mélòó kan lágbègbè náà, wọ́n rọra kọ̀ mí, ọ̀kan lára wọn ló sọ òótọ́ fún mi: "Hrubeš, ta ni mo fẹ́ tò pọ̀ mọ́ ẹ? Ta ló máa kọ ẹ̀yìn sí ẹ?" Ilé ìlagi ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Bí mo bá wọ ilé búrẹ́dì, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní "Hrubeš wa" mọ́.

Ǹ bá ti parí ìtàn mi síbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà òtútù tó kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń sọ̀ kalẹ̀ ní òpópónà wa tó dagẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀. Òjò ti rọ̀, ó sì ti dì mọ́ ilẹ̀, ojú ọ̀nà ń dán bíi dígí. Mo dorí kodò, mò ń wo ẹsẹ̀ mi. Ohùn kan dún lẹ́yìn mi.

"Iná!"

Mo fò. Mi ò ronú, mi ò wẹ̀yìn, mo kàn fò wọ inú òkìtì yìnyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọkọ̀ tó ń gbé wàrà yọ̀ kọjá lórí ibi tí mo dúró sí, kò dún rárá, awakọ̀ ń yí ọwọ́ ọkọ̀ lásán. Odi ilé ìfìwéránṣẹ́ ló dá a dúró.

Nígbà tí mo dìde, mo rí Vráťa lókè ọ̀nà pẹ̀lú dígí dúdú rẹ̀, ó fi búrẹ́dì há abíyá. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ilé Květa.

Mo ní, "Vráťa. O ṣé."

Ó ní, "Bó bá jẹ́ ajá ni, màá pariwo fún un." Ó kọjá lára mi, ó ń fọwọ́ di ògiri mú nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró déédéé mọ́ láti ọjọ́ náà, kò sì ní dúró déédéé mọ́.

Ṣùgbọ́n ajá kò gbọ́ èdè wa. Vráťa ì bá ti pe "Ẹ̀yìn rẹ!" bí gbogbo èèyàn. Èyí tó jẹ́ tiwa ló pè, òótọ́ ló sì fi pè é, mo sì fò láì wẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí òun náà kò ṣe wẹ̀yìn lọ́jọ́ tí mo pè é. Mo dúró níbẹ̀ títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀, yìnyín ń yọ́ wọ ọrùn mi.